Ọwọ́ Tí Ẹlẹ́yinjú Kò Fọ̀

Ẹlẹ́yinjú ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé ìyàgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, ó ń lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ni ẹ̀rín bá bú yẹ́ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fara ti ògiri, Aláfẹ́, olórí wọn, sì wà láàárín.

"Ẹ wo ìyàwó dókítà," Aláfẹ́ wí. "Ó tún fẹ́ lọ fi ọṣẹ bó ọwọ́ láwọ."

Láti ìgbà tí àrùn ìgbẹ́ gbuuru ti bẹ́ sílẹ̀ ládùúgbò ni wọ́n ti gbé ọṣẹ síbẹ̀. Olùkọ́ wọn ti sọ ọ́ títí pé ọ̀tún ní í wẹ òsì, òsì ní í wẹ ọ̀tún, kí ọwọ́ tó mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ nìkan ló ń tò sídìí omi, Ẹlẹ́yinjú kò sì fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó sì yà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń gbé, aránṣọ tó fi pálọ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yìí kò tíì lè dá jókòó. Òfin ilé ni pé ẹni tí kò bá fọwọ́ kò gbọdọ̀ gbé e. Nígbà tí Ẹlẹ́yinjú wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọmọ ń ké, oníbàárà kan sì jókòó ti aránṣọ, ó ń retí aṣọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò gbójú sókè lórí máṣíìnì.

"Ṣé o ti fọwọ́?"

"Mo ti fọ̀ ọ́ nílé ìwé, Àǹtí mi."

Ó gbé ọmọ. Ọmọ ki ìka Ẹlẹ́yinjú bọ ẹnu, ó ń mu ún, ẹkún sì dáwọ́ dúró.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, tó ń bì. Ojú rẹ̀ jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. Wọ́n gbé e dé ọsibítù pẹ̀lú ìkánjú. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n léèrè nípa omi tí wọ́n ń mu àti àwọn tó ń gbé ọmọ, ó sì wo Ẹlẹ́yinjú.

"Ẹ má wo àbúrò mi o," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. "Mo lè búra fún un. Kì í gbé ọmọ yìí láìfọwọ́. Èmi tí iṣẹ́ ń lé kiri, bóyá ọwọ́ tèmi ni kò mọ́." Ó bú sẹ́kún.

Bí ilẹ̀ bá lanu, Ẹlẹ́yinjú ì bá wọ inú rẹ̀. Ìbá sàn fún un ká ní wọ́n gbá a létí.

"Àǹtí mi, ẹ má búra," ó wí. "N kò fọwọ́. Irọ́ ni mo pa."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bú u. Ó kàn sún lọ sí ìkángun bẹ́ǹṣì.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. "A ò lè mọ ọwọ́ tó gbé àrùn náà wá, ó wà káàkiri. Àmọ́ ọwọ́ téèyàn ò fọ̀, kò sẹ́ni tó lè jẹ́rìí gbè é."

Wọ́n fa omi sí ọmọ lára, ara rẹ̀ sì yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà délé, ẹ̀yìn ni aránṣọ ń pọn ọmọ sí, tó fi ń ránṣọ. Kò gbé e fún àbúrò rẹ̀ mọ́. Ẹlẹ́yinjú ń gbálẹ̀, ó ń fọṣọ, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ tó padà sílé ìwé, Aláfẹ́ tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹlẹ́yinjú ń fi ọṣẹ fọwọ́ lọ.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú," ó wí. "Ọwọ́ ẹlẹ́gbin ni mo fi gbé e, kẹ́ ẹ má baà fi mí rẹ́rìn-ín."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Aláfẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́, ó ní kó fún òun ní ọṣẹ.

Ìtìjú kékeré ni Ẹlẹ́yinjú sá fún lọ́dọ̀ ẹgbẹ́, ńlá ló lọ bá nílé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fọwọ́ yín, ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó máa rín in. Omi àti ọṣẹ lè fọ ìdọ̀tí ọwọ́. Wọn kò lè fọ irọ́ kúrò lẹ́nu.