Nọ́ńbà Tí Àádọ́rùn-ún Kò Kà

Òjò ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ oníbàárà sì kún ilé ìfọṣọ dé ẹnu ọ̀nà. Láti àárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n, tó ni ilé ìfọṣọ náà, ti tan ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, kò sì pa á. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí búrékà, ó ń ká tówẹ̀lì.

“Wá fọwọ́ kàn án,” ni ìyá náà wí fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àbúrò Ẹ̀gbọ́n, oníṣẹ́ iná tó yà wá kí wọn. “Ìdérí àpótí yìí gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó tún ń rùn bíi rọ́bà.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Òun ló so ẹ̀rọ náà mọ́ iná ní oṣù méjì sẹ́yìn. Àádọ́rùn-ún ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ibi tí kì í ti fi wáyà rẹ̀ yangàn pé ó lè gba ìwọ̀n ooru àádọ́rùn-ún, pé ẹni tó ń ra wáyà nínípọn kàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni. Ẹnu rẹ̀ dùn, ká sọ tòótọ́.

“Màmá, wáyà yẹn ò mọ ooru. Ẹ má da ara yín láàmú.”

“Mo sọ fún ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá náà.”

“Búrékà wà níbẹ̀. Tí nǹkan bá ṣe é, á já fúnra ẹ̀, iná á sì kú.”

Kò fọwọ́ kàn án. Ó mú agbòjò rẹ̀, ó lọ.

Lọ́sàn-án, Ẹ̀gbọ́n gbé aṣọ lọ fún oníbàárà kan ní òdìkejì títì. Kò lò ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Kó tó padà, èéfín dúdú ti bo fèrèsé, àwọn tówẹ̀lì ti gbiná. Àwọn aládùúgbò gbé Ìyá jáde, àmọ́ èéfín ti ṣe tirẹ̀. Ó lo ọjọ́ méjì nílé ìwòsàn láìsọ̀rọ̀, ó sì kú.

Obìnrin tó wá ṣe àyẹ̀wò iná pe Àádọ́rùn-ún wọ inú ilé tó ti dúdú náà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àpótí.

“Kí ni wọ́n kọ sára wáyà yìí?”

“Àádọ́rùn-ún.”

Obìnrin náà yọ búrékà tuntun kan jáde, irú èyí tó jó gan-an. “Ojú ibi tí wọ́n ti ń de wáyà ńkọ́?”

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Kò kà á rí. “Ọgọ́ta.”

“Èyí tó kéré la máa ń tẹ̀ lé. Wáyà tín-ín-rín tó o lò lè gbé iná yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná gan-an tó bá ń gbé e. Ooru yẹn ò dúró sára wáyà, ó ń wọ ojú ibi tó o dè é mọ́. Ibẹ̀ ò sì lè gbà ju ọgọ́ta lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jó lójoojúmọ́.”

“Kí ló dé tí búrékà ò já?”

“Iná tó ń kọjá ò ju èyí tí wọ́n ní kó gbé. Kí ni ì bá mú un já? Wáyà tó nípọn ló yẹ kó o lò, èyí tí kò ní gbóná kọjá ọgọ́ta tó bá gbé iná yẹn.”

Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọdún kan. Ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò pariwo lé e lórí, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ.

“Mi ò bínú pé o ò mọ̀. Màmá ní kó o wá fọwọ́ kàn án.”

Láti ìgbà náà, kò sí ilé tó wọ̀ tí kì í kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdérí àpótí iná kó tó kí onílé. Bó tilẹ̀ tutù, òórùn rọ́bà ṣì ń wá sí imú rẹ̀. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́ tí kò bínú rárá. Ẹ̀rù sì máa ń bà á láti bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdérí tiyín lónìí. Bó bá gbóná tàbí tó ń rùn, ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ má tú ohunkóhun fúnra yín, ẹ pe oníṣẹ́ iná. Ẹ bi í pé nọ́ńbà wo ló wà lójú ibi tó fẹ́ de wáyà mọ́. Bó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn.