Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Mumi Yó

Èmi nìkan ni mo rí i. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wà létídò wa, láti orí apẹja dórí ẹni tó kàn wá fọṣọ, wọ́n á ní àwọn gbọ́ nípa ẹ̀. Gbígbọ́ ni wọ́n gbọ́. Ojú mi méjèèjì yìí, tó lè rí abẹ́rẹ́ nínú ẹrẹ̀ láti òdìkejì odò, òun ló rí i.

Ìjì là ń pe ọ̀rẹ́ mi. Bàbá ẹ̀ ló ń gbẹ́ ọkọ̀ fún gbogbo apẹja àdúgbò wa. Èérún igi inú ọgbà wọn ga débi pé nígbà tí adìyẹ kan yé sórí ẹ̀, àkàbà ni wọ́n fi lọ kó ẹyin. Síbẹ̀, Ìjì ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àṣírí ńlá ni, àfi bí Gìrìpá ṣe mọ̀ ọ́n. Gìrìpá ló tóbi jù ní kíláàsì wa. Tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó kù á fò sókè.

"Ọmọ agbẹ́kọ̀ tó ń fi abọ́ wẹ̀!" ló pariwo lọ́jọ́ náà, gbogbo kíláàsì sì bú sẹ́rìn-ín. "Àgbọ̀nrín kan wà ní erékùṣù àárín odò. Omi ti ká a mọ́bẹ̀. Lọ́túnla, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ gbé e. Ìwọ lọ gbé abọ́ ẹ!"

Ìjì yíjú sọ́nà odò. Iṣan ọrùn ẹ̀ kàn le bí okùn. Mo ti mọ̀ pé wàhálà ti dé.

Ọkọ̀ bàbá ẹ̀ wà létídò, àmọ́ abẹ́ omi ló wà. Èmi àti Ìjì la jọ bá bàbá kó òkúta sínú ẹ̀ tó fi rì.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sin ín ni?" ni mo bi wọ́n lọ́jọ́ yẹn.

"Rédíò, pa ẹnu ẹ dé kó o gbọ́," ni wọ́n dáhùn; torí pé ẹnu mi kì í sinmi ni wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni oòrùn fi fa omi ara ẹ̀ mu. Ó ti sún kì, ó ti là. Mo ti fi òwú àti ọ̀dà dí i, àmọ́ igi fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ wú kí ojú ibi tó là tó pàdé. Ẹ jẹ́ kó mumi yó níbí. Tí ò bá yó níbí, ẹni tó bá wà nínú ẹ̀ ló máa mu."

Mo rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì tí Gìrìpá sọ̀rọ̀, bàbá gba inú igbó lọ láti yan igi. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà báyìí ni Ìjì wá kan ilẹ̀kùn wa.

"Ọkọ̀ yẹn ti mu tó," ló wí.

"Bàbá ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Bàbá ò mọ̀ pé Gìrìpá ń lọ lọ́la. Ṣé o ń bọ̀, àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Èmi? Ẹ̀rù? Èmi tí ọ̀nì rí tó yà lọ́nà fún!"

Ẹ wò ó, ẹnu yẹn ló tì mí wọ ọkọ̀. A kó òkúta jáde, a gbọ́n omi inú ẹ̀, ọkọ̀ sì léfòó bí ọmọlúàbí. Dákẹ́, ajá wọn, fò sáàárín. Ìjì jókòó síwájú, èmi mú àjẹ̀ nídìí ọkọ̀.

Odò ti kún, ó ti pọ́n. Fífẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ náà, èèyàn lè dàgbà kó tó dé òdìkejì. Àmọ́ ohun tí mi ò fẹ́ràn ni pé kò pariwo. Kò sí ẹyẹ kan tó ké. Omi náà kàn ń lọ, bí ẹni tó ń yọ́ kẹ́lẹ́ wọlé onílé. A bá igi odindi kan pàdé lójú omi, pẹ̀lú ewé lórí, ó rọra kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

A kọ́kọ́ yẹ ìgèrè tí bàbá dẹ sílẹ̀ wò. Ẹja àrọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí èyí tó kéré jù nínú wọn fi irùngbọ̀n gbá mi létí. A dà wọ́n sínú ọkọ̀. Nígbà tá a dé erékùṣù, àgbọ̀nrín náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Dákẹ́ lé e wọnú ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ sì dì í lẹ́sẹ̀ mú. Kóńdó ni Ìjì fi parí ẹ̀. Ó tóbi tó màlúù. Torí kó má bàa yọ̀ bọ́ sómi, Ìjì fa okùn òkúta tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ dúró, ó fi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òkúta ṣì wà nídìí okùn. Kò sẹ́ni tó rò ó wò nínú àwa méjèèjì.

A ti dé àárín odò nígbà tí Dákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó gbé èkejì.

"Wo ajá yín," mo ní, "ó ń jó ijó ẹran."

Ìjì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé ẹsẹ̀ tèmi náà ti tutù.

Omi ń wọlé. Kò tú yàà o. Ó kàn ń yọ láti ojú ibi tó là, tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì dúró. Mo gbé agolo, mo gbọ́n omi tó lè kún kànga méje, kò dín. Nígbà tó yá, àwọn ẹja tá a dà sílẹ̀ ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lúwẹ̀ẹ́ láàárín ẹsẹ̀ wa.

"Ìjì, ti ẹran yẹn sómi!"

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Ọkọ̀ ti wúwo jù! Tì í dànù!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìwo ẹran náà mú. "Tí mo bá tì í dànù, ta ló máa gbà pé mo pa á? Ìwọ lo máa jẹ́rìí mi? Ìwọ, Rédíò?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun, àmọ́ kò sí àyè ìbínú. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó rẹ̀, ó dà wá sódò.

Mo yọrí. Ọkọ̀ ti dojú dé, àmọ́ igi ni, kò rì. Mo dì í mú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Dákẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sétídò. Ìjì ò sí.

Mo rì sísàlẹ̀ lọ wá a. Ohun tí mo rí nìyí. Ìjì ń lọ sísàlẹ̀, ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ò nà sókè. Kò wá mi, kò wá ọkọ̀. Ìwo àgbọ̀nrín yẹn ló ṣì dì mú. Òkúta ń fa ẹran lọ, ẹran ń fa Ìjì lọ, ó sì ń tẹ̀ lé e bí ọmọ tí ìyá ẹ̀ fà lọ́wọ́.

Mo gbá ọwọ́ ẹ̀ mú. Tí mo bá tú ìka kan, òmíì á tún padà dì í. Èémí mi ti ń tán. Mo bù ú jẹ lẹ́yìn ọwọ́, mo fi eyín tó ń fọ́ egungun màlúù bù ú jẹ, ìgbà yẹn ló tó jọ̀wọ́ ẹ̀. Àgbọ̀nrín náà ń bá tiẹ̀ lọ sínú òkùnkùn. Mo fa Ìjì sórí ìdí ọkọ̀. Odò gbé wa lọ títí tá a fi há sínú koríko.

Dákẹ́ ló bá bàbá pàdé lọ́nà igbó, ara ẹ̀ tutù rinrin. Bàbá tọ ipasẹ̀ omi ara ajá náà dé odò, wọ́n sì gba etí odò lọ títí wọ́n fi bá wa. Wọ́n tẹ àyà Ìjì títí omi fi tú jáde lẹ́nu ẹ̀. Omi yẹn ba ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ jẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló wà nígbà tí àwa ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Àwa ti jáde báyìí. Òun ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù.

Bàbá ò lù wá. Ẹ̀bá bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n jókòó sí. "Ọkọ̀, mo lè gbẹ́ òmíì," ni wọ́n wí. "Igi pọ̀ nígbó." Wọ́n wá fa aṣọ bo ọmọ wọn dé àyà.

Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí yẹ̀yẹ́ ẹnì kan tì yín wọ ọkọ̀ tí ò tíì tó wọ̀. Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí á rẹ́rìn-ín lọ́la. Ẹni tí odò gbé, ó tán. Ohun tẹ́ ẹ bá sì mọ̀ pé ó yẹ kẹ́ ẹ jù sílẹ̀, ẹ tètè jù ú sílẹ̀ lórí ilẹ̀, torí tómi bá dé ọrùn, ọwọ́ kì í gbọ́ràn mọ́.

Ìjì ní òun ò rántí nǹkan kan. Ó ní kò sí ẹni tó ń kú lọ tó máa di ẹran mú, pé Dákẹ́ ló bu òun jẹ. Kó na ọwọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó! Ṣé bí eyín ajá ṣe ń rí nìyẹn? Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ dín odò náà kù, ẹ sọ àgbọ̀nrín yẹn di ewúrẹ́, mi ò ní jà. Àmọ́ ọwọ́ méjì yẹn, lára ìwo yẹn, bí mo ṣe rí i ni mo ṣe sọ ọ́. Dandan ni, ẹ gbà mí gbọ́.