Àwọ̀ Pupa Kò Lóhùn

"Sirin, mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi. Fóònù mi ò mọ pupa yàtọ̀ sí dúdú."

Ṣedli ló ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe jọ ń jẹ lablábì, ọbẹ̀ ẹlẹ́wà, nítòsí ilé-ìwé wọn ní ìlú Sfax. Kò ríran láti kékeré. Fóònù rẹ̀ ló máa ń ka ìkànnì ilé-ìwé sí i létí. Sirin, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ló ṣe ìkànnì náà. Àwọ̀ ló sì máa ń fi ya nǹkan sọ́tọ̀ níbẹ̀.

"Sáà fi ọ̀rọ̀ kún àwọ̀," Ṣedli ní. "Kí ló le níbẹ̀?"

Haifa, ọ̀rẹ́ Sirin tó jókòó tì wọ́n, yọ ṣùtì. "Kó wá rí wúruwùru bí ìwé lọ́yà? Má dá a lóhùn jàre."

Sirin mọ̀ pé òótọ́ ni Ṣedli ń sọ, ṣùgbọ́n ìyìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún un nítorí ẹwà ìkànnì náà dùn mọ́ ọn. "Màá tún un ṣe tá a bá gba ìsinmi," ó ní.

Ìdánwò àfẹnusọ Faransé dé. Sirin to orúkọ gbogbo wọn sójú kan: ẹni tó bá wà ní pupa, kó lọ ṣe tiẹ̀ nílé-ìwé tó wà ní Sakiyet, ẹni tó bá wà ní dúdú, kó ṣe tiẹ̀ nílé-ìwé tiwọn. Ṣedli gbọ́ orúkọ rẹ̀, kò mọ ibi tó kàn. Ó pe Sirin nírọ̀lẹ́. Sirin wo fóònù. "Ó tún ti dé," ó ní, kò gbé e.

Ilé-ìwé wọn ni Ṣedli lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Sakiyet ló yẹ kó lọ. Kó tó débẹ̀, wọ́n ti parí. Wọ́n ní ó di oṣù kẹsàn-án kó tó lè ṣe ìdánwò náà.

"Mádáàmù, mi ò mọ̀ pé ó máa dà báyìí," ni Sirin sọ fún Mádáàmù Nejiba, olùkọ́ wọn.

"O mọ̀," Ṣedli dáhùn. "Èmi fúnra mi ni mo sọ fún ẹ."

Mádáàmù ní kí Sirin yọ fáìlì tó ń fún ìkànnì náà ní àwọ̀ àti ọ̀ṣọ́. Ó yọ ọ́. Gbogbo orúkọ di dúdú. Sirin wá orúkọ ara rẹ̀. Òun náà ò lè rí i níbẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n ní kóun lọ.

Ó jókòó, ó tún un kọ. Ó kọ "Sakiyet" sókè, ó to àwọn tiwọn sábẹ́ rẹ̀. Ó kọ "Ilé-ìwé wa", ó to àwọn yòókù. Fóònù Ṣedli kà á geere.

"Mo gbọ́ ọ wàyí," Ṣedli ní. "Ṣùgbọ́n inú ń bí mi síbẹ̀."

Sirin ò bẹ̀ ẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, kò gbé nǹkan kan sórí ìkànnì láìkọ́kọ́ bọ́ ọ̀ṣọ́ rẹ̀ wò. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, àmọ́ kì í ṣe ojú gbogbo ènìyàn ló ríran. Ẹni tó ń kọ̀wé fún gbogbo ayé, kó rí i pé ọ̀rọ̀ lè dá dúró láìsí ọ̀ṣọ́.