Ẹ̀jẹ̀ Màlúù Tó Pòórá ní Festac

Nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Tẹjúmádé dé ilé àyẹ̀wò Dókítà Gbádégẹṣin ní Festac, ilẹ̀kùn ti já, àpótí oníná tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ màlúù lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ṣófo, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ Dennis, gáàdì ilé náà. Dókítà tún táì abẹ́ kóòtù funfun rẹ̀ ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún.

"Ìwádìí àgbáyé ni wọ́n jí, Màdáàmù! Mo yọ pùrótéènì lára awọ bakitéríà tó ń pa màlúù, mo fi sínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ lè dá ọ̀tá mọ̀. Ó ṣiṣẹ́! Mo ti jẹ́rìí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdúpẹ́ àkànṣe ni lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

"Ta lẹ fura sí?"

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Dennis nìkan ló sùn síbí."

"Màdáàmù, abeg," ni Dennis wí, "kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ màlúù ṣe? Ṣé mo fẹ́ sè é ni? Ìyàwó mi máa tó kúnlẹ̀. Ẹ má tì mí mọ́lé."

Àwọn ọlọ́pàá ti rí òfìfo ìgò ẹ̀jẹ̀ náà lórí ààtàn kan nítòsí, lọ́nà Kuje, wọ́n sì ti kó wọn dé. Tẹjúmádé gbé ọ̀kan símú.

"Dennis, tó o bá fẹ́ da irú ẹ̀jẹ̀ yìí nù ńkọ́?"

"Inú gọ́tà ni, Màdáàmù."

Dókítà rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹ gbọ́ ọ̀dẹ̀! Èèyàn tó kàwé á kọ́kọ́ da bílíìṣì sí i, kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Ìlànà ni!"

Tẹjúmádé na ìgò náà sí i nímú. Ẹ̀rín kú lẹ́nu Dókítà.

"Bílíìṣì ń rùn nínú gbogbo ìgò yìí," ni Tẹjúmádé wí. "Olè tó ń kánjú kì í dúró bá kòkòrò jà. Ẹni tí ìlànà ti mọ́ lára ló dà wọ́n nù. Kí lẹ ò fẹ́ ká rí, Dókítà?"

Dókítà jókòó. "Ó ń pa wọ́n ni. Pùrótéènì ọ̀hún. Kàkà kó jí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ dìde, ńṣe ló ń pa wọ́n. Mo sì ti jẹ́rìí ná."

"Àyẹ̀wò tó kùnà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ wá fẹ́ gbé e kọ́ ọrùn ẹni tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ bímọ? Ikú ilé tẹ́ ẹ wí, kóòtù funfun ló wọ̀."

Wọ́n tú Dennis sílẹ̀, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Dókítà. Dennis ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, kò sí ẹ̀gàn kankan lóhùn rẹ̀, "ẹ ní kí n wá bá yín dúpẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ṣé kí n ṣì máa bọ̀?"

Dókítà sorí kọ́, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ó ti kùn ún dán sílẹ̀ de ìdúpẹ́. Ojú ara rẹ̀ ló rí níbẹ̀.