Ìròyìn Bàbá Asiat

"Bùkúnmi, mo bẹ̀ ẹ́, orúkọ mi ò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀ o."

Bàbá Asiat ti gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, ọkùnrin náà kì í sì í fi oúnjẹ ṣeré. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ó máa ń sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti yàrá tí òun àti àwọn sìkiọ́rítì ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ń gbé ní Abu Shagara ní Sharjah, wá jẹun lọ́dọ̀ Àǹtí Ganiat. Àǹtí Ganiat ni àbúrò ìyá Bùkúnmi. Ó ń ra ọjà ní Deira ní Dubai ránṣẹ́ sí Èkó, òun ni ó sì mú Bùkúnmi wá kàwé ní Sharjah.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni Bùkúnmi fèsì. "Akọ̀ròyìn kì í tú àṣírí."

Akọ̀ròyìn! Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò tíì kọ ju ìròyìn bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lọ nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú fẹ́ ṣe àpérò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Dubai, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bíi mélòó kan wá kópa. Ìròyìn tí ó bá dára jù lọ láàárín tiwọn ni wọn yóò tẹ̀ sínú ìwé àpérò náà, ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sì kà á lórí pèpéle. Láti ìgbà tí Bùkúnmi ti gbọ́ èyí ni oorun ti dá lójú rẹ̀.

"Láti ìgbà tí ọrọ̀ ajé Dubai ti crash," ni Bàbá Asiat ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "àwọn tó ń kọ́lé ti sá lọ. Àwa ni wọ́n ní ká máa ṣọ́ àwọn ilé tí ò lórùlé ní Jumeirah Village Circle. Bọ́ọ̀sì á já wa sílẹ̀ láàárọ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Kò sómi, kò sí ibòji. Ọ̀kan nínú wa, Olúṣẹ̀san, ṣubú nínú oòrùn lọ́jọ́sí. Nígbà tó lajú, ó ní òun máa fẹjọ́ sùn. Lọ́jọ́ kejì, khalas, ó parí, wọ́n ti cancel visa ẹ̀, ó di Nàìjíríà."

"Háà!"

"Tí wọ́n bá mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀, èmi náà lọ nìyẹn. Asiat ọmọ mi ṣì ku ọdún kan ní school of nursing. Ṣùgbọ́n kọ ọ́. Bóyá wọ́n á fún wa lómi."

Bùkúnmi kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó fi orúkọ Tòhíbù, tí ó jẹ́ orúkọ ọkùnrin náà gan-an, síbẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọdé kì í pe àgbà lórúkọ, nítorí náà Bàbá Asiat ni ó kọ láti òkè dé ilẹ̀. Lójú tirẹ̀, ó ti bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá.

Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, àgbà olóòtú kan láti Èkó, ni ó ń darí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kìíní àpérò náà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n ń gbọ́.

"Tí ẹnì kan bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ síkàáwọ́ yín, tó ní kẹ́ ẹ bo òun láṣìírí, ẹ ka ohun tẹ́ ẹ kọ fún un kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́."

Bùkúnmi wo fóònù rẹ̀. Bàbá Asiat wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n yóò gbé e bí ó bá pè é. Ohun tí ó bà á lẹ́rù ni pé ọkùnrin náà lè ní kí òun má gbé ìròyìn náà jáde mọ́. Wọ́n sì fẹ́ gba ìròyìn kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán. Ó ti fóònù bọ àpò.

"Bàbá Asiat yìí ńkọ́?" ni Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà béèrè nígbà tí ó kà á tán. "Orúkọ rẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀."

"O ti kà á fún un?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Irọ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni ó ń rántí ẹ̀sọ̀ nígbà tí ìyìn bá ti ń pè é?

Ní ọjọ́ kejì, ìròyìn Bùkúnmi ni ó gbégbá orókè, ó sì gun orí pèpéle. Ìwé àpérò wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ó ṣe dárúkọ Bàbá Asiat, ọ̀kan nínú àwọn sìkiọ́rítì tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbé orí sókè. Ìgbà náà ni Bùkúnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wo aṣọ tí ó wọ̀. Irú rẹ̀ ni Bàbá Asiat máa ń sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Síbẹ̀, ó kà á parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí. Láàárín àtẹ́wọ́ náà ni ó rí ọ̀gá àwọn sìkiọ́rítì náà tí ó ká ìwé àpérò sọ́wọ́, tí ó sì ń tẹ fóònù bí ó ti ń jáde lọ.

Kò dúró gba fọ́tò. Nínú ọkọ̀ ojú irin metro, ó pe Bàbá Asiat, fóònù náà kò lọ. Nínú bọ́ọ̀sì Sharjah, ó tún pè é, kò lọ. Ìdákẹ́jẹ́ tí ó bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kò dára. Ilẹ̀kùn yàrá àwọn sìkiọ́rítì ṣí sílẹ̀, wọ́n sì ti ká aṣọ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Mùráínà, tí òun àti Bàbá Asiat jọ ń gbé yàrá náà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Wọ́n ti mú un lọ airport," ni Mùráínà wí, kò wo ojú rẹ̀. "Wọ́n kàn wọlé ni, 'Where is Baba Asiat?' Yalla, yalla, kó di ẹrù ẹ̀ kíá. Wọn ò jẹ́ kó wẹ̀."

"Ṣùgbọ́n mi ò dárúkọ rẹ̀! Tòhíbù ni orúkọ rẹ̀!"

"Ta ló mọ Tòhíbù?" Mùráínà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá wò ó wàyí. "Ọ̀gá wa, dírẹ́bà, àwa tá a jọ ń sùn, kí la máa ń pè é? Ìwọ fúnra ẹ, kí lo máa ń pè é?"

Bùkúnmi jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì sunkún títí Àǹtí Ganiat fi dé.

Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn mìíràn lọ béèrè ọ̀rọ̀ omi, ilé-iṣẹ́ náà dáhùn pé àwọn kò ní òṣìṣẹ́ kankan tí ń jẹ́ Bàbá Asiat. Ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí i ti lọ. Bọ́ọ̀sì ṣì ń já àwọn tó kù sílẹ̀ sínú oòrùn, kò sì sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀ nínú wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Bàbá Asiat pè láti Ìsẹ́yìn. Ó kí wọn, ó béèrè ara, kò bínú rárá. Ìyẹn gan-an ni ó dun Bùkúnmi jù.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Mo rò pé mo ti bò yín láṣìírí ni."

"Mo mọ̀. Ọ̀wọ̀ lo bù fún mi. Ṣùgbọ́n ká ní o kà á fún mi ni, ìlà àkọ́kọ́ ni ǹ bá ti dá ẹ dúró."

"Asiat ńkọ́, sà?"

"Ó ti wà nílé. Kò sówó school mọ́, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òtítọ́ ni ìròyìn Bùkúnmi, òtítọ́ sì yẹ ní kíkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fọkàn tán wa ni ó ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ fún wa. Ẹ jẹ́ kí á dá a padà fún un kí ó gbọ́ ọ, kí aráyé tó gbọ́. Bùkúnmi lè bẹ̀bẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò lè dá Asiat padà sí ilé ẹ̀kọ́.