Ohùn Tó Ń Bọ̀ Láti Ẹ̀yìn Ògiri

Manvir rò pé ẹjọ́ ni mo wá rò lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí i tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí lédè Jámánì pé òun ò ní kọrin láàárọ̀ mọ́.

Ọdún 2017 ni, ní Osdorfer Born, ní Hamburg, nínú ilé gogoro tí mo háyà yàrá kan sí nígbà tí mo ń kàwé. Ògiri ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo máa ń gbọ́ ohùn ọkùnrin kan pẹ̀lú dùùrù kékeré, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan tẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ kejì fẹ́ atẹ́gùn sí. Mi ò mọ ìtumọ̀ orin náà, àmọ́ ó máa ń rán mi létí màmá mi olóògbé, tó máa ń kọrin ìyìn ní Ìjẹ̀bú-Òde kó tó dáná àárọ̀.

"Má dákẹ́ o," ni mo sọ fún un. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí o ò kọrin, mo sùn gbàgbé, mo pẹ́ dé kíláàsì. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé wá mu tíì. Bí a ṣe mọra nìyẹn.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Manvir ń ṣe. Ẹlẹ́sìn Síìkì ni, ẹ̀sìn tó ti Íńdíà wá, bàbá rẹ̀ ló sì ń ṣáájú orin ní gurdwara, ilé ìjọsìn wọn. Ó ṣàlàyé fún mi pé kirtan ni wọ́n ń pe orin náà, pé àdúrà ni, kì í ṣe eré. Lọ́jọ́ Sunday kan ó mú mi dání. Mo bọ́ bàtà, mo fi ìborùn bo orí, mo jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì bíi ti gbogbo èèyàn. Nígbà tí Bàbá gbé orin, omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn ìsìn, tolówó tòtòṣì jókòó sílẹ̀, a jọ jẹun. Mo bi Bàbá léèrè bí wọ́n ṣe tọ́jú ohùn wọn tó fi dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Ọmọ mi," ni wọ́n dáhùn, "a kì í kọ ọ́ káyé lè gbọ́ wa. À ń kọ ọ́ kí ọkàn tiwa lè gbọ́."

Ìfẹ́ wọ̀ wá lára díẹ̀díẹ̀. A máa ń rìn létí odò Elbe nínú òtútù, ọwọ́ mi nínú àpò kóòtù rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ òun ní bí Yorùbá ṣe ń pe ẹni téèyàn fẹ́ràn. Mo kọ́ ọ ní "olólùfẹ́ mi". Ahọ́n rẹ̀ ò gbé ohùn ibẹ̀ dáadáa, mi ò sì tún un ṣe, nítorí bó ṣe ń pè é dùn mọ́ mi.

Àǹtí Abíọ́lá, àbúrò màmá mi, ló mú mi wá sí Jámánì. Télọ̀ ni wọ́n ní Märkisches Viertel, ní Berlin, àwọn náà ló sì ń darí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ Manvir fún wọn, wọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Tiwaladé, mo gbà pé èèyàn dáadáa ni. Àmọ́ tó o bá bímọ, orúkọ ta ni wọn ó fi gbàdúrà fún un?"

Mi ò lè fi Jésù sílẹ̀, Manvir náà ò lè fi ọ̀nà Gúrù, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹnì kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Àǹtí kàn ń dá mi lóhùn lórí fóònù ni, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun. Nígbà tó yá, Manvir ní ká fi ara wa sílẹ̀.

"Ìyá kan ṣoṣo ló kù fún ọ," ló wí. "Mi ò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Mo sunkún, mo sì gbà.

Bàbá gbọ́. Wọ́n bi mí ní àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù Àǹtí, wọ́n ní àwọn fẹ́ rán aṣọ, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Berlin láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àǹtí ló sọ ìyókù fún mi lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Àǹtí ní omi lásán làwọn fẹ́ fún Bàbá, kí wọ́n máa lọ. Àmọ́ bàbá tó wé láwàní yìí bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò dárúkọ ìgbéyàwó, wọ́n kàn bi Àǹtí pé orin wo ni wọ́n ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àǹtí kọ ọ̀kan. Bàbá dijú, wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n wá kọ tiwọn. Àǹtí bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ọkàn ló ń retí Ọlọ́run, bí aya ṣe ń retí ọkọ tó rìnrìn àjò. Opó ni Àǹtí mi.

Nígbà tí Bàbá dìde, wọ́n ní, "Mi ò wá gba ọmọ yín lọ́wọ́ Ọlọ́run yín. Ẹ bá mi rò ó."

Àǹtí ṣì ń rò ó nígbà tí àìsàn ọkàn pa Bàbá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019.

Lọ́jọ́ àdúrà ìkẹyìn, gurdwara kún fọ́fọ́. Manvir ló jókòó sáyè bàbá rẹ̀. Ẹkún gé ohùn rẹ̀, àwọn èèyàn sì gba orin náà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi rí ohùn rẹ̀ padà. Ìgbà yẹn ni mo rí Àǹtí Abíọ́lá lẹ́nu ọ̀nà, gèlè dúdú lórí, bàtà lọ́wọ́. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọn ò mọ orin náà, wọ́n ń fi imú gbè é.

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe Manvir.

"Bàbá rẹ bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ ọ̀rọ̀ kan, mo jẹ́ kó pẹ́ jù. Ìgbà wo lẹ máa wá tọrọ ọmọ wa?"

Manvir tẹ̀ ba, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé tiwọn. Àǹtí fà á dìde.

"Dìde, àna mi," ni wọ́n wí. "Wá jẹun. Látàárọ̀ lo ti ń kọrin."