Aṣọ Oníbàárà Ló Kọ́kọ́ Wò

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, bóyá ìwọ náà jẹ́ ọ̀gá lórí ẹnì kan. Gbọ́ ìtàn alágbàfọ̀ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Má-jókòó.

Kì í mutí, kì í pa ìsìn jẹ, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ ń rùn. Ó kó gbogbo àga kúrò níbi iṣẹ́, ó ní ìdí tó bá ti kan àga kì í fẹ́ dìde mọ́. Láràárọ̀ ló ń darí àdúrà fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, àdúrà gígùn gbọọrọ. Tó bá di ọ̀sán, yóò yọ àkókò àdúrà náà kúrò nínú àkókò tí wọ́n fi ń jẹun. Ebi ẹlòmíràn ló fi ń sin Ọlọ́run. Ìríra gbáà ni.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, wà lára àwọn tó ń lọ aṣọ níbẹ̀. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀. Òòyì ń kọ́ mi."

"Ṣé orí ẹ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oyún ni? Aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn ò gbọdọ̀ pẹ́."

Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi ṣubú lulẹ̀ gbì. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣì wà lórí aṣọ. Má-jókòó sáré dé, ó ré àbúrò rẹ̀ kọjá, ó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ó sì yẹ aṣọ náà wò bóyá ó ti jó. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wolẹ̀. Ó ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Awakọ̀ tó máa ń kó aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà ló gbé obìnrin náà dé ọsibítù. Ìyá yè, ọmọ inú rẹ̀ kú.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wọlé tọ̀ ọ́, ògiri ni obìnrin náà kọjú sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé aṣọ yẹn ò jó?"

Ọkùnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ bá òun gbàdúrà.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Àdúrà ò wọ́n lẹ́nu yín rí. Ẹ̀ṣẹ̀ yín lẹ ò jẹ́wọ́. Ẹ sọ fún Jésù ohun tẹ́ ẹ ṣe, ẹ má bò ó."

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àdúrà gígùn ò wá mọ́. "Olúwa, aṣọ ni mo kọ́kọ́ wò. Ẹni burúkú ni mí. Gbà mí." Kristi sì gbà á.

Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jókòó, wọ́n ń jẹun tán, wọ́n sì ń tètè lọ bá ọmọ wọn nílé. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ ò tíì ya ilé rẹ̀. Ọlọ́run ti dárí jì í, ṣùgbọ́n ó ṣì ń bẹ obìnrin náà pé kó forí ji òun.

Ìwọ ńkọ́? O lè máa kọrin sókè ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ sì máa rù lójú rẹ. Ẹ̀gbin ni níwájú Ọlọ́run. Má sọ pé ó di ọ̀la, nítorí ọ̀la ò sí níkàáwọ́ rẹ. Ké pe Jésù níbi tó o wà yìí. Lẹ́yìn náà, dìde lónìí, lọ bẹ ẹni tí ò ń ni lára, nígbà tó ṣì lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ.